Ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Campos, níbi tí àbúrò mi ti gba ìwé ìdènà

Bí ẹ bá ń wá lọ́yà tó máa gbọn aṣọ dúdú rẹ̀ ní kóòtù, tó máa da Látìn bolẹ̀ títí adájọ́ á fi tẹjú mọ́ ọn, ẹ má wulẹ̀ gun àtẹ̀gùn ilé tí mo fẹ́ júwe yìí. Àwọn tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn kì í pariwo. Iṣẹ́ ìwé ni wọ́n mọ̀, pàápàá ìwé ìdènà, ìyẹn àṣẹ kóòtù tó ní kí ẹnì kan má ṣe ohun kan tàbí kó má ṣe sún mọ́ ẹlòmíràn, wọ́n sì mọ ohun tó kù láti fi ìwé ọ̀hún ṣe lẹ́yìn tí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí i. Èmi náà, ìwé ni mo fi ń jẹun. Mo ń tẹ káàdì ìyàwó, jọ́tà àti ìwé ètò ìsìnkú ní Ṣómólú, ó ti lé lógún ọdún. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, màá sì sọ ibi tí ìràwọ̀ kan yẹn já bọ́ sí.

Orúkọ wọn ò ní sí níbí. Ọ̀ràn àbúrò mi kò tíì tutù, òfin iṣẹ́ lọ́yà ní Nàìjíríà ò sì jẹ́ kí wọ́n máa polówó ara wọn bó ṣe wù wọ́n. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn gbọ̀ngbọ̀n, kó bi mí ní kọ̀rọ̀. Campos ni wọ́n wà, ní ìsàlẹ̀ Èkó, kò jìnnà sí Igbosere níbi tí wọ́n ti dáná sun ilé ẹjọ́ gíga ní oṣù kẹwàá 2020. Ilé àtijọ́ ni, wọ́n wà lókè pátápátá. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣókùnkùn, ariwo jẹnẹrétọ̀ ń wọlé láti ojú fèrèsé, àga tí wọ́n fi ń gba àlejò sì ti rì láàárín. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó wá ẹni tó máa dì mú.

Ohun tó gbé wa débẹ̀ rèé. Àbúrò mi obìnrin ń ṣe irun ní Ebute Metta. Òun àti bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ ti pínyà, ó ti kó jáde, ó ti gba ilé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ò gbà. Bí ọwọ́ oníbàárà bá ti pọ̀ ní ọjọ́ Sátidé báyìí, á kàn yọ lójijì, á dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á máa bú ẹni tó ń ṣe irun àti ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún. Ó fọ́ dráyà kan. Ó já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun lòun rà á. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ dúró níwájú ilé ìwé àwọn ọmọ ní àsìkò tí wọ́n ń jáde. Ní òru, á kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Mo mọ ìgbà tí o máa ń ti ṣọ́ọ̀bù."

Kì í lù ú mọ́ láti ìgbà tó ti kó jáde, ohun tó sì mú kí gbogbo ayé máa fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Àwọn àgbà ẹbí pè é jókòó, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bẹ̀bẹ̀, kò pẹ́ tó tún padà dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ọlọ́pàá tó gba ẹjọ́ wa ní àgọ́ kan tí mi ò ní dárúkọ ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ká lọ yanjú ẹ̀ nílé. Ilé wo? Lọ́yà àkọ́kọ́ tí àbúrò mi bá sọ̀rọ̀, ní Mainland níbí, ní òun máa lọ gba àṣẹ ní ilé ẹjọ́ gíga láì jẹ́ kí ọkùnrin náà gbọ́ rárá, àṣẹ náà á sì dè é mọ́lẹ̀ títí ayé. Iye tó dá lé e tó owó dráyà mẹ́fà.

Ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ará Campos tú fún wa, láì tíì gba kọ́bọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin lọ́yà kan, tó ń fi "ẹ" bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọ máa jẹ́ ẹgbẹ́ ni, fa ìwé funfun kan sílẹ̀, ó sì ń yàwòrán sí i bó ṣe ń ṣàlàyé. Àṣẹ tí adájọ́ fún ènìyàn lẹ́yìn tó gbọ́ ẹnu ẹnì kan ṣoṣo, fún pàjáwìrì ni wọ́n ṣe é. Nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ilé ẹjọ́ gíga Èkó, ọjọ́ méje ni irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ń lò kó tó kú fúnra rẹ̀, àfi bí adájọ́ bá fi díẹ̀ kún un. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ láti 1989 nínú ẹjọ́ Kotoye àti Báńkì Àpapọ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ máa fi ṣeré, àti pé ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ ṣe tán láti san owó gbà-má-bínú fún ẹnì kejì bí ó bá hàn lẹ́yìn ọ̀la pé kò yẹ kó gbà á. Èyí tó ń pẹ́ ju ìyẹn lọ wà: ọ̀kan ń dáàbò bo nǹkan títí ẹjọ́ fi máa parí, òmíràn máa ń bá ìdájọ́ wá, ìyẹn ló sì jẹ́ ti gbére. Onílẹ̀, àwọn tó ń jà lórí ilé iṣẹ́, àwọn tó ń jà lórí owó tó wà ní báńkì, àwọn ló máa ń wá irú ìwé wọ̀nyẹn jù. "Tiyín yàtọ̀," ló wí. "Òfin ti yín wà lọ́tọ̀."

Òfin ọ̀hún ni èyí tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007 lórí ìwà ipá inú ilé. Ó yà mí lẹ́nu pé ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí mo ti tẹ káàdì ìyàwó àìmọye láàárín ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ìyàwó kan tí mo gbọ́ tó mọ̀ ọ́n. Lílù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Dídẹ́rù bani, títọ ènìyàn kiri, bíba dúkìá jẹ́, wíwọ ilé onílé láì gbàṣẹ, fífi owó jẹ ènìyàn níyà, ọ̀rọ̀ àbùkù tí kò dáwọ́ dúró, gbogbo rẹ̀ ló ka ìwà ipá sí. Dráyà tó fọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwé wà nínú rẹ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá jẹ́ ìyàwó oníwèé kí ẹ tó lè lò ó: àfẹ́sọ́nà lè lò ó, àwọn tó jọ ń gbé lè lò ó, bàbá arúgbó tí ọmọ rẹ̀ ń gbé ọwọ́ sókè sí lè lò ó. Ọkùnrin náà lè gbà á lòdì sí obìnrin. (Mo rí i bí ojú àbúrò mi ṣe yí sí mi nígbà tí wọ́n sọ ìyẹn. Kò sí nǹkan kan nílé mi o.)

Ibi tí wọ́n ti gba ìràwọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi ni bí wọ́n ṣe gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n dá sí i. Obìnrin kan tó jẹ́ akọ̀wé lọ́yà ló jókòó tì í, Yorùbá ni wọ́n sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì kánjú. Bó bá ní "ó máa ń wá," obìnrin náà á ní, "Ọjọ́ wo ló wá kẹ́yìn? Ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù? Kí ló sọ, bó ṣe sọ ọ́ gan-an?" Ó ní kó lọ gbé ìwé tó fi ń kọ owó oníbàárà sílẹ̀ wá, nítorí ọjọ́ wà nínú rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń ṣe irun fún lọ́jọ́ náà sì wà níbẹ̀. Báyìí ni ìwé gbèsè ṣọ́ọ̀bù irun ṣe di ẹ̀rí. Wọ́n gba àwòrán dráyà tó fọ́, wọ́n gba rìsíìtì tí wọ́n fi rà á, wọ́n ní kó má ṣe pa ọ̀rọ̀ WhatsApp kankan rẹ́ bó ti wù kó rí i lára tó.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ ìwé ìbúra náà, bí kóòtù ṣe ń fẹ́ ẹ. Àbúrò mi ń ka Yorùbá dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ já gaara. Wọ́n kà á fún un ní Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó lọ búra, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé wọ́n kà á fún un, pé ó yé e, àti orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní bí ìlà yẹn ò bá sí níbẹ̀, lọ́yà ọkùnrin náà lè dìde lọ́la pé obìnrin yìí ò mọ ohun tó fọwọ́ sí. Àsìkò kíkà yẹn gan-an ni àbúrò mi fi rí i pé wọn ò fi ilé ìwé àwọn ọmọ sínú ohun tí wọ́n ń bẹ kóòtù fún. Ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ilé wà níbẹ̀, ilé ìwé ò sí. Wọ́n tún un tẹ̀ lójú wa. Mo yọ díẹ̀ nínú ìràwọ̀ wọn fún ìyẹn, nítorí ká ní kò béèrè ni ńkọ́?

Ọjọ́ kóòtù ò gùn. Adájọ́ ka ìwé, ó bi àbúrò mi ní ìbéèrè mélòó kan, ó fún un ní àṣẹ onígbà díẹ̀, ó sì dá ọjọ́ tí ọkùnrin náà máa wá sọ tẹnu rẹ̀. Òfin náà gba adájọ́ láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀ láì tíì rí ẹnì kejì, bí ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ bá fi hàn pé ewu wà. Ojú ìwé méjì péré ni. Mo wò ó bí mo ṣe ń wo iṣẹ́ tó bá jáde lábẹ́ ẹ̀rọ: òǹtẹ̀ rẹ̀ hàn ketekete, orúkọ pé, ọjọ́ pé. Ó ní kó má ṣe hùwà ipá sí i, kó má ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù tàbí kó sún mọ́ ọn, kó má ṣe wá sí ibi tó ń gbé, kó má ṣe sún mọ́ ilé ìwé, kó má ṣe rán ẹlòmíràn lọ bá a. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn tó ti bá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ gbé mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ rán. Àdírẹ́sì ilé tuntun àbúrò mi kò sí nínú ìwé náà rárá, àwọn lọ́yà ló bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn.

Èmi ti ń pe mọ́tò láti ṣe ìdùnnú lọ. Lọ́yà ní ká jókòó. Àṣẹ tí wọn ò tíì fi lé ẹni tó kàn lọ́wọ́, bíi káàdì ìyàwó tó ṣì wà nínú páálí ní ṣọ́ọ̀bù mi ni, ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ ìpè. Akódà kóòtù ló máa lọ fi í jíṣẹ́, ọkùnrin náà sì gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀. Ó wà nílé, wọ́n ní kò sí nílé. Ó wà níbi iṣẹ́, wọ́n ní ó ti jáde. Ọ̀pọ̀ lọ́yà, ibi tí wọ́n ti máa ń sinmi nìyẹn, wọ́n á ní "ó kù sọ́wọ́ kóòtù." Àwọn wọ̀nyí padà lọ bá adájọ́, wọ́n gba àyè láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, akódà lẹ̀ ẹ́, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà lára ilẹ̀kùn, akódà náà sì búra pé òun ti ṣe é. Láti wákàtí yẹn, kò lè sọ pé òun ò mọ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ká gba ẹ̀dà ìwé tí kóòtù fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí, ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù, lọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹbí níbẹ̀, lọ́yà fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ, ó sì mú kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tirẹ̀ pé wọ́n gbà á. Ọ̀kan lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé. Ọ̀kan wà nínú báàgì àbúrò mi. Mo ní kí n fi ike bo tèyí bí a ṣe ń bo káàdì ìdánimọ̀, akọ̀wé wọn wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí òǹtẹ̀ mí." Fáìlì lásán ló wà.

Ọkùnrin náà wá, ẹ má rò pé kò wá. Ó dúró ní òdìkejì títì, ó ní títì ìjọba ni òun dúró sí. Àbúrò mi ò bá a fa ọ̀rọ̀. Ó pe nọ́ńbà tí lọ́yà fún un ní àgọ́, ó ní òun ní àṣẹ kóòtù, nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ̀ rèé. Àwọn ọlọ́pàá tó dé kò béèrè bóyá tọkọtaya ni wọ́n. Ìwé ni wọ́n béèrè. Wọ́n kà á, wọ́n mú un lọ. Kí ẹ tó ní irú àṣẹ yìí, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé ara yín. Bó bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹni tó rú u ló máa ṣàlàyé ara rẹ̀, nítorí rírú u fúnra rẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀ tí ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n wà fún.

Ọ̀gá wọn, màmá kan tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Màmá, ló tún fi ìtàn Ojukwu kún un fún wa nígbà tí a lọ dúpẹ́. Ní 1985, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó fi agbára lé Ojukwu kúrò nínú ilé kan ní Queen's Drive, Ìkòyí, nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé náà ṣì wà níwájú kóòtù. Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí wọ́n dá a padà sínú ilé. Ìjọba ò dá a padà, ó gba ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ lọ, ó ní kí wọ́n bá òun dá àṣẹ yẹn dúró ná. Ní 1986, àwọn adájọ́ ibẹ̀ kọ̀: ẹni tó ń tẹ àṣẹ kóòtù mọ́lẹ̀ kò lè máa tọrọ ojúrere lọ́wọ́ kóòtù. Màmá sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀, ó ń na ìka sí apá Ìkòyí láti ojú fèrèsé. "Bí wọ́n bá lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ṣọ́jà, ta ni ọkọ rẹ?" Ó tún sọ nípa Fọ́ọ̀mù 48 àti Fọ́ọ̀mù 49 tí wọ́n ń lò fún ẹni tó bá tàpá sí àṣẹ irú ti ilẹ̀ àti ilé: àkọ́kọ́ ń kìlọ̀, èkejì ń pè é wá sọ ìdí tí wọn ò fi ní jù ú sẹ́wọ̀n. Ìyẹn ò kàn wá, ṣùgbọ́n mo gbádùn rẹ̀.

Wọ́n tún sọ ohun tí ìwé náà ò lè ṣe, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ. Kò tú ìgbéyàwó ká. Kò pín dúkìá. Kò dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó ti pinnu láti ṣe ibi, nítorí náà wọ́n ní kó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, kó má dá ṣọ́ọ̀bù tì lálẹ́, kó sì sọ fún onílé. Ẹni tó bá wà ní Àbújá, òfin 2015 lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní VAPP, ló máa lò, ilé ẹjọ́ gíga Àbújá ló sì ń gbọ́ ọ. Ìpínlẹ̀ tí ẹ wà ló máa sọ òfin tí ẹ máa dì mú. Ohun tí ẹ bá rí nínú fíìmù Amẹ́ríkà, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Wàyí o, ìràwọ̀ tó já bọ́. Wọ́n máa ń dá aago mẹ́sàn-án, lọ́yà á dé ní mọ́kànlá, á ní kóòtù ló dá òun dúró. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní Ebute Metta ń pàdánù owó. Fọ́tòkópì wọn wọ́n ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní gbogbo Campos, èmi tí mo mọ iye tí ìwé pélébé kan ń náni kì í sì dákẹ́ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò dín in. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà tún máa ń bi àwọn oníbàárà léèrè ọ̀rọ̀ wọn sókè níwájú gbogbo àwọn tó jókòó. Obìnrin tó ń sá fún ọkọ rẹ̀ ò yẹ kó máa dáhùn "kí lẹ wá ṣe?" lójú àlejò mẹ́rin. Èyí burú ju fọ́tòkópì lọ.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà náírà (₦120,000) ni wọ́n gbà, wọ́n jẹ́ ká san án lẹ́ẹ̀mejì, owó kóòtù àti ti ìbúra sì wà lọ́tọ̀. Kí wọ́n tó gbà á, Màmá ti kọ́kọ́ sọ fún wa pé ọ̀fẹ́ wà: Office of the Public Defender, tí wọ́n ń pè ní OPD, àwọn lọ́yà ọ̀fẹ́ tí ìjọba Èkó ti dá sílẹ̀ láti 2000, DSVA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tí òfin 2021 dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìwà ipá inú ilé, àti FIDA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin. Ó ní bí owó bá máa dá wa lóró, ká lọ síbẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n máa ṣe. Ìgbà wo lẹ gbọ́ kí ọlọ́jà sọ fún oníbàárà pé wọ́n ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ ní òpópónà kejì? Àbúrò mi ló ní òun fẹ́ dúró lọ́dọ̀ obìnrin tó gba ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀.

Ẹni tó bá ń ti Mainland lọ, bọ́ọ̀sì BRT tó ń lọ TBS (Tafawa Balewa Square) láti Palmgrove tàbí Fádèyí ló dára jù, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn dé Campos. Ẹ lọ lẹ́yìn aago mọ́kànlá, kí ẹ má bàa jókòó sórí àga tó ti rì. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀, rìsíìtì ohunkóhun tí wọ́n bà jẹ́, àti fóònù tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀ gan-an, kì í ṣe àwòrán rẹ̀ nìkan. Ẹ ya fọ́tòkópì yín ní ìsàlẹ̀ kí ẹ tó gòkè. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnu ọ̀nà bá sì béèrè ohun tí ẹ wá ṣe, ẹ ní Màmá ló ń retí yín.